Kòkòrò Inú Ẹ̀fọ́: Àkọsílẹ̀ Kéékèèké Láti Ouando

Lọ́dún 1855, Thomas Addison, dókítà kan ní ọsibítù Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde nípa àwọn aláìsàn 11. Ara wọn ń joro, oúnjẹ kò wù wọ́n, okun tán nínú wọn, àwọ̀ wọn sì ń dúdú láìjẹ́ pé wọ́n pẹ́ nínú oòrùn. Nígbà tí wọ́n kú tí ó la òkú wọn, ó bá ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín ní bíbàjẹ́. Trousseau, dókítà ńlá ará Paris, ló fi orúkọ Addison sọ àìsàn náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni ìwé ìṣègùn ti ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó máa wá ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ ti di àwọ̀ idẹ.

Ó dáa. Ní ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ ní Benin, ńkọ́? Ta ni kò dúdú ní ọjà yìí?

*

Ibi tí dúdú kò ti yẹ kó pọ̀ ni kí á wò. Inú ìlà àtẹ́lẹwọ́. Èrìgì. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Orí oríkèé ìka. Ojú àpá tuntun.

Àǹtí mi kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ń ta aṣọ ọmọdé nítòsí oríta Ouando, lójú ọ̀nà tó lọ sí Sakété. Àwọn tó ń wá wọn ìfúnpá lọ́dọ̀ wọn pọ̀ ju àwọn tó ń ra aṣọ lọ. Abẹ́ tábìlì ni ẹ̀rọ náà ń gbé, nínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Bí wọ́n bá wọn èèyàn tán, wọn kì í jẹ́ kó tètè dìde. Wọ́n á yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, wọ́n á fi àtàǹpàkò fa awọ rẹ̀ le, wọ́n á tẹjú mọ́ inú ìlà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ní kó la ẹnu. Bàbá kan bi wọ́n lọ́jọ́ kan bóyá wọ́n ti di aláfọ̀ṣẹ. "Ẹ má bínú, Bàbá," ni wọ́n wí, "ẹ kàn lanu, ẹ jẹ́ n rí èrìgì yín."

Èrìgì dúdú nìkan kò tó ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a bí i mọ́, àwọn obìnrin Fúlàní tilẹ̀ ń fín tiwọn kó lè dúdú, ẹwà ni wọ́n fi ń ṣe. Ìbéèrè tí Àǹtí mi máa ń bi wọ́n tẹ̀ lé e ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù: "Ṣé bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá nìyí?"

*

Ẹṣẹ́ ni àwọn ẹran kéékèèké inú ara tí ń da hòmóònù sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó wà ní ọrùn, tí àwọn dókítà ń pè ní tairọ́ìdì, ló ń darí bí ara ṣe ń yára ṣiṣẹ́ tó. Bó bá wú, a ní gẹ̀gẹ̀ ni. Èyí tó wà lẹ́yìn àpòlúkù ló ń ṣe ínsúlínì, tí kì í jẹ́ kí ṣúgà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn méjì sì wà lórí kíndìnrín, ìkọ̀ọ̀kan wọn kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 5 lọ. Àwọn wọ̀nyí ló ń ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù, èyí tí ara fi ń dúró lọ́jọ́ ibà, lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, lọ́jọ́ ìbẹ̀rù. Àwọn náà ló ń ṣe hòmóònù mìíràn tí kì í jẹ́ kí iyọ̀ máa bá ìtọ̀ lọ.

Ara sì ní àwọn sójà tirẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Lára àwọn kan, àwọn sójà yìí a máa kọjú ìjà sí ilé. Wọ́n á mú ọ̀kan nínú àwọn ẹṣẹ́ yìí lọ́tàá, wọ́n á máa jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìsí egbò, láìsí ìrora. Bí wọ́n bá jẹ ọ̀kan tán, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òmíràn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, Paul Ehrlich, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1908, ti sọ pé ara kì í bá ara rẹ̀ jà, pé ẹ̀rù ìyẹn ń ba ara fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ débi pé ó tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí àwọn onímọ̀ tó gbà pé ara lè bá ara rẹ̀ jà. Ká ní ẹnì kan ti sọ fún un pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló ń gbé!

*

Ìdí tí awọ fi ń dúdú: nígbà tí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín bá ń kú lọ, ẹṣẹ́ tó wà lábẹ́ ọpọlọ á máa ké pè é. Hòmóònù tó fi ń pè é á wá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan náà yìí ló sì ń mú kí awọ máa pèsè àwọ̀ dúdú sí i. Ìyẹn ni pé dúdú tí à ń rí ní àtẹ́lẹwọ́, igbe ẹṣẹ́ kan sí òmíràn tí kò lè dáhùn mọ́ ni.

Ẹnì kan náà sì lè máa funfun níbòmíràn. Àbààwọ́n funfun tó ń yọ lẹ́yìn ọwọ́, lẹ́bàá ètè, yí ojú ká, iṣẹ́ àwọn sójà yìí kan náà ni. Ohun tó ń pèsè àwọ̀ ni wọ́n ń pa. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ní in, wọ́n á máa sá fún un pé ẹ̀tẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Àbààwọ́n ẹ̀tẹ̀ kì í sábà funfun báláú, kì í sì í mọ̀ ọ́n lára bí a bá fi nǹkan kàn án. Èyí funfun bí ẹfun, ó sì mọ ìfọwọ́kàn dáadáa. Mo ti rí i tí Àǹtí mi fi etí òwú fọwọ́ kan ọwọ́ ọmọbìnrin kan tó dijú, tí ìyá rẹ̀ ń wò. "Ó kàn mí níbẹ̀." "Níbẹ̀ náà." "Níbẹ̀ yẹn náà." Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Ìdùnnú ni.

*

Ẹ jẹ́ kí n fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. N kò bá ẹnì kankan wí; inú ìwé ìṣègùn ni mo ti kó o jọ, mo wá gbé e jókòó sí ìsọ̀ ẹlẹ́ja gbígbẹ ní ọjà Ouando kí á lè fojú rí i.

Nígbà tó wà ní ọdún 24, àbààwọ́n funfun yọ lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n mú un lọ sódò. Dókítà awọ fún un ní ìpara, ó kọ orúkọ àìsàn náà sínú ìwé kékeré tí à ń mú lọ sí ọsibítù, ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Ní ọdún 31, ọrùn rẹ̀ wú díẹ̀. Ara rẹ̀ wúwo, ó ń sùn lórí igbá ẹja, òtútù ń mú un nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà, ìgbẹ́ kò yá mọ́. Dókítà mìíràn, ìwé kékeré mìíràn, torí òjò ti ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Wọ́n fún un ní oògùn ẹṣẹ́ ọrùn, ara rẹ̀ fúyẹ́, ó padà sẹ́nu ọjà.

Ní ọdún 37, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ara rẹ̀ sì ń dúdú. Òòyì ń kọ́ ọ bó bá dìde. Ó ń bì láàárọ̀. Wọ́n ní ibà ni, ó lo oògùn ibà. Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni, ó lo ìyẹn náà. Wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó bá ṣubú, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò, wọ́n á fa omi sí i lára. Omi yẹn, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun tí ara rẹ̀ ń wá gan-an ni. Ní ọjọ́ kejì, á jókòó, á jẹ ẹ̀kọ, á máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ẹ ò rí i pé ibà náà ti lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó tún ti ṣubú.

Ìwé kékeré mẹ́ta nìyí, kò sí èyí tó mọ ohun tó wà nínú èkejì. Ká ní ẹnì kan tẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì kan náà, á rí i pé àbààwọ́n funfun, gẹ̀gẹ̀, àti ara tó ń dúdú tó sì ń rù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìkọ̀ọ̀kan nínú àwọn dókítà mẹ́ta yìí ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, kò sí ẹni tí a ó dá lẹ́bi.

*

Martin Benno Schmidt ló kọ́kọ́ tẹ́ méjì sórí tábìlì kan náà, lọ́dún 1926 ní Jámánì: òkú méjì, tí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín wọn àti ẹṣẹ́ ọrùn wọn jọ bàjẹ́ pọ̀. Lọ́dún 1964 ni Carpenter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìtọ̀ ṣúgà kún un. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1980, Neufeld, Maclaren àti Blizzard ní Amẹ́ríkà pín àwọn àkópọ̀ yìí sí ìsọ̀rí ní òǹkà. Àwọn dókítà fẹ́ràn òǹkà. Ìsọ̀rí kìíní jẹ́ ti àwọn ọmọdé. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an àyàfi ní Finland, ní erékùṣù Sardinia, àti láàárín àwọn Júù Iran, apilẹ̀ àbùdá kan ṣoṣo tó bàjẹ́ ló ń fà á, ọdún 1997 ni wọ́n rí i. Ìsọ̀rí kejì ni ti ẹṣẹ́ orí kíndìnrín pẹ̀lú ti ọrùn, tàbí pẹ̀lú ìtọ̀ ṣúgà, tàbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Obìnrin bíi mẹ́ta ló ń ní in sí ọkùnrin kan, láàárín ọdún 20 sí 60 sì ni ó sábà máa ń yọjú. Ìsọ̀rí kẹta, ti ọrùn pẹ̀lú òmíràn tí kì í ṣe ti orí kíndìnrín.

Òǹkà náà wúlò fún ẹni tó ń kọ ìwé. Ẹni tó ń tọ́jú èèyàn, ohun tó yẹ kó mọ̀ ni pé nínú àwọn tí sójà ara wọn ba ẹṣẹ́ orí kíndìnrín wọn jẹ́, nǹkan bí ìdajì ni yóò ní àìsàn mìíràn irú rẹ̀. Ọmọ tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí ń béèrè ínsúlínì láti kékeré, bíi 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún irú wọn ni ẹṣẹ́ ọrùn wọn yóò bá a lọ. Èkejì lè dé lẹ́yìn oṣù kan, ó sì lè dé lẹ́yìn ogún ọdún.

*

Oògùn tó tọ́ lè pani bó bá ṣáájú.

Ẹnì kan wá, ó rẹ̀ ẹ́, ó ń sùn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ẹṣẹ́ ọrùn kò ṣiṣẹ́. Wọ́n fún un ní oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹṣẹ́ orí kíndìnrín náà ń kú lọ, kò sí ẹni tó wò ó. Oògùn ọrùn á ta ara jí, ara á yára, á máa lo ìwọ̀nba kọ́tísọ́ọ̀lù tó kù tán kíákíá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìfúnpá á já wálẹ̀, onítọ̀hún á dákú. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ẹṣẹ́ fi ń sọ pé kí á tọ́jú ti orí kíndìnrín ná kí á tó kan ti ọrùn. Òfin kékeré yìí ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là. Bí mo bá lágbára ni, ara ògiri gbogbo ilé ìwòsàn ni ǹ bá kọ ọ́ sí.

*

Ààrẹ kan wà tó ní méjèèjì. John F. Kennedy ni. Lọ́dún 1947, ó dákú ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sọ pé àìsàn Addison ni. Nígbà tó ń padà lọ sí Amẹ́ríkà nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ti pe àlùfáà kó wá fi òróró yàn án bí ẹni tó ń kú lọ. Lọ́dún 1954, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn oníṣẹ́ abẹ kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn láìdárúkọ: ọkùnrin kan, ọmọ ọdún 37. Ní 1955 kan náà ni wọ́n rí i pé ẹṣẹ́ ọrùn rẹ̀ náà kò ṣiṣẹ́ tó. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Eunice, ní àìsàn Addison bákan náà.

Nígbà ìbò 1960, àwọn èèyàn rẹ̀ ní irọ́ ni, kò ní àìsàn Addison. Àwọ̀ rẹ̀ tó rẹwà tó sì dúdú díẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ayé gbà pé oòrùn etíkun ni. Ọdún 1992 ni àwọn tó la òkú rẹ̀ tó jẹ́ kó hàn pé wọn kò bá ẹṣẹ́ kankan lórí kíndìnrín rẹ̀. Lọ́dún 2009, dókítà ológun ojú omi kan, Lee Mandel, tẹ́ ìwé ìwòsàn rẹ̀ gbogbo sórí tábìlì kan náà, ó ní ìsọ̀rí kejì ni. Ó ti kú fún ọdún 46 kí ẹnì kan tó so wọ́n pọ̀. Bí ti ààrẹ Amẹ́ríkà bá rí bẹ́ẹ̀, mélòó-mélòó ni ti ẹlẹ́ja?

*

Iyọ̀. Àwọn tí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín wọn ń kú lọ a máa jẹ iyọ̀ bí ẹni ń jẹ ṣúgà. Ara ló ń wá ohun tó ń bá ìtọ̀ lọ. Àwọn kan á mu omi ẹja gbígbẹ, àwọn kan á bu iyọ̀ sínú ẹ̀kọ. Ní ìsọ̀ ìyá oníyọ̀ ní Ouando, a lè rí iyọ̀ òyìnbó nínú láílọ́ọ̀nù, a sì lè rí iyọ̀ Djègbadji, èyí tí àwọn obìnrin ń sè nínú ahéré lẹ́bàá ọ̀sà ní ìtòsí Ouidah, tó ṣì ní àwọ̀ eérú díẹ̀. Mo bi ìyá náà bóyá ó ní oníbàárà tó ń ra iyọ̀ fún ẹnu ara rẹ̀ nìkan. Ó rẹ́rìn-ín: "Àwọn aboyún ni." Ó dánu dúró. "Àti ọkùnrin kan, ará Adjarra. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti rí i."

*

Ìtọ̀ ṣúgà ní ẹ̀rín tirẹ̀ tó burú. Ẹni tó ti ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì fún ọ̀pọ̀ ọdún, lójijì ni ṣúgà rẹ̀ ń wálẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń gbà tẹ́lẹ̀ pọ̀ jù fún un báyìí, ó dín in kù, ó tún dín in kù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní kó jáde wá jẹ́rìí. Gbogbo ìjọ á pàtẹ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ Olúwa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kọ́tísọ́ọ̀lù ló ń gbé ṣúgà sókè nínú ara. Bí ẹṣẹ́ tó ń ṣe é bá ń kú, ṣúgà á wálẹ̀. Kí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán, kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀.

*

Ínsúlínì àti ooru. Kì í ṣe gbogbo ilé ní Ouando ló ní fìríìjì, iná sì ń lọ. Lọ́dún 2021, àwọn dókítà Médecins Sans Frontières àti Yunifásítì Geneva fi hàn pé ínsúlínì tí a gbé sínú ooru tó ń lọ sókè sódò láàárín ìwọ̀n 25 sí 37 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n wọ̀n ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Kenya, agbára rẹ̀ kò dín kù ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ìyá wa ti ní ohun tó lè mú kó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmù omi ni: amọ̀ á máa làágùn, omi ara rẹ̀ á máa gbẹ, inú rẹ̀ á tutù. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní àríwá Nàìjíríà, ló fi ìkòkò kan sínú òmíràn, tó fi yanrìn tútù sáàárín wọn, kí tòmátò àwọn àgbẹ̀ má baà jẹrà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex lọ́dún 2000 nítorí rẹ̀. Ìkòkò náà ṣeé lò fún abẹ́rẹ́. Kí omi má kan ìgò ni, kí ọmọdé má sì fi ife bù ú.

*

Àìsàn kan wà tó fi ojú jọ èyí, tí ọwọ́ ènìyàn ń ṣe. Àwọn tó ń bó ara, tí wọ́n ń pè ní bojou níbí, ìpara tí wọ́n ń rà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni clobetasol wà nínú rẹ̀, ẹbí kọ́tísọ́ọ̀lù tó lágbára púpọ̀. Awọ á fà á mu. Ara á rí i pé kọ́tísọ́ọ̀lù ti pọ̀ láti ìta, ẹṣẹ́ orí kíndìnrín á sùn lọ. Lọ́jọ́ tí owó ìpara bá tán, ẹṣẹ́ kò ní jí. Àárẹ̀, èébì, ìfúnpá tó já wálẹ̀: àpẹẹrẹ Addison ni, àfi pé awọ kò dúdú.

Dexamethasone náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ sanra kíákíá ń rà á ní hóró-hóró lójú pópó, wọ́n á ní ó ń mú kí oúnjẹ wù wọ́n. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2017, ìjọba Benin kó àwọn oògùn Adjégounlè tó wà ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu, tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù. Mo ti pàtẹ́wọ́ fún wọn nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń lo hóró yẹn fún ọdún méjì, tó wá wọ́n lójijì, ta ló sọ fún un pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi í sílẹ̀?

*

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹṣẹ́ orí kíndìnrín tó kú ni sójà ara pa. Ikọ́ ife ló pa ọ̀pọ̀ nínú ti àwọn tí Addison kọ nípa wọn, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní ní ilẹ̀ Áfíríkà, pàápàá bí kòkòrò éèdì bá wà nínú ara. Nítorí náà, kí dókítà wa béèrè ikọ́ kó tó béèrè ìsọ̀rí.

*

Ọdún 1956 ni ọ̀rọ̀ Ehrlich wó. Ní ọsibítù Middlesex ní Lọ́ńdọ̀nù, Deborah Doniach ṣàkíyèsí pé àwọn aláìsàn gẹ̀gẹ̀ Hashimoto (dókítà ará Japan tó kọ̀wé nípa obìnrin mẹ́rin lọ́dún 1912) ní èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tó pọ̀ jù, tó sì ń dín kù bí wọ́n bá gé gẹ̀gẹ̀ náà kúrò. Ó ronú pé gẹ̀gẹ̀ náà ni èròjà ọ̀hún ń bá jà. Òun, Ivan Roitt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn po omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn pọ̀ mọ́ oje ẹṣẹ́ ọrùn ènìyàn. Ó dì.

Ohun tó tún wù mí jù nínú ìtàn náà dé lọ́dún 1974. Wọ́n ti fura fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ìtọ̀ ṣúgà àwọn ọmọdé jẹ́ irú ìjà yìí, wọn kò rí ẹ̀rí. Bottazzo àti Doniach wá ohun ìjà àwọn sójà ara nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà pẹ̀lú àìsàn ẹṣẹ́ mìíràn, wọ́n rí i. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn yòókù, ohun ìjà náà kì í pẹ́ kó tó lọ. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìsàn púpọ̀ yìí, ó dúró. Àwọn tí ayé ń wò bí ẹni tí gbogbo burúkú wọlé tọ̀, àwọn ló kọ́ ayé ní ohun tí ìtọ̀ ṣúgà ọmọdé jẹ́.

*

Nǹkan oṣù tó dúró ní ọdún 33. Ilé ọkọ á máa wo ìyàwó lójú, wọ́n á ní ó ti fi ọmọ ṣe nǹkan. Sójà ara lè kọlu ilé ẹyin obìnrin bó ṣe ń kọlu ẹṣẹ́ ọrùn, pàápàá lára ẹni tó ní àìsàn Addison. Àǹtí mi kì í sọ èyí lójú ọjà. Wọ́n á sọ aṣọ ìkélé ṣọ́ọ̀bù wọn kalẹ̀ ná.

*

Ààwẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, Mùsùlùmí pọ̀, mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tí àwọn Àgùdà kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì Brazil ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín rẹ̀ ti kú, tó ń lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, tí iyọ̀ kò gbọdọ̀ wọ́n án, ààwẹ̀ lè gbé e ṣubú kí oòrùn tó wọ̀. Bó bá ní ìtọ̀ ṣúgà pẹ̀lú, ewu ti di méjì. Ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ ti yọ aláìsàn sílẹ̀. Ojú àdúgbò ni kò yọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ń fi hóró oògùn pamọ́ sí etí ìró.

*

Ibà kì í tán nílẹ̀ wa. Ara tó pé, bí ibà bá dé, á pèsè kọ́tísọ́ọ̀lù sí i. Ẹni tí ẹṣẹ́ tirẹ̀ ti kú kò lè pèsè rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ oògùn rẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta títí ibà á fi lọ. Bó bá ń bì, tí hóró kò dúró nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ hydrocortisone, mílígíráàmù 100, àti omi iyọ̀ sí iṣan, kíákíá, kí á tó béèrè ẹni tó máa sanwó. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, hóró hydrocortisone ṣọ̀wọ́n, prednisolone ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀.

Ní Yúróòpù, irú àwọn èèyàn yìí máa ń mú káàdì kan dání tó sọ ohun tí a ó ṣe bí wọ́n bá dákú. Àǹtí mi bá ẹnì kan ṣe irú rẹ̀. Wọ́n jà lórí èdè tí wọ́n máa fi kọ ọ́. Faransé ni dókítà ń kà, ṣùgbọ́n ẹni tó máa kọ́kọ́ bá a nílẹ̀ ní Ouando, oní-zémidjan (ọlọ́kadà) ni tàbí ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Faransé wà lójú kan, Gun àti Yorùbá wà lẹ́yìn, wọ́n fi láílọ́ọ̀nù bò ó nítorí òjò. Àǹtí mi wá jáde lọ bá àwọn oní-zémidjan tó ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi káàdì náà hàn wọ́n, wọ́n ní bí wọ́n bá bá ẹnikẹ́ni tó ní irú rẹ̀ lọ́rùn nílẹ̀, kí wọ́n má dúró sí ilé ìwòsàn kékeré kankan, ọsibítù ńlá ni kí wọ́n gbé e lọ tààrà.

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọdékùnrin tí ẹnu rẹ̀ mú, bi wọ́n pé, "Tàńtí, ta ló máa wá san owó ọkọ̀ mi?"

"Wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ṣé o mọ ṣọ́ọ̀bù?"